Kì í Ṣe Àìsàn Ráńpẹ́: Ìtàn Ìgbésí Ayé Ẹnu-Ìṣó, Oníṣẹ́ Àga

A bí olóògbé, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ẹnu-Ìṣó, ní ọdún 1957, nínú ilé oníyàrá méjì tí ó wà lẹ́yìn ilé ìlagi. Ọmọ agbẹ́gi ni wọ́n, ọmọ ẹni tí ó ń fi ojú lásán wo pákó, tí yóò sì sọ ibi tí ó ti wọ́. Ayùn gé ìka méjì kúrò lọ́wọ́ bàbá tí ó bí wọn, bàbá náà di ọwọ́ ó sì parí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá wọn ń rán tìmùtìmù. Ọmọ méjì ni àwọn òbí yìí bí tí ó yè. Olóògbé ni ẹ̀gbọ́n. Àbúrò wọn, tí a bí ní 1960, ni ó kọ ìtàn yìí lórúkọ ẹbí.

Kí a tó lọ síwájú, ẹbí fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn mọ nǹkan kan. Nínú irú ìwé báyìí, ohun tí a máa ń kà ni pé olóògbé jáde láyé lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Àkọ́bí olóògbé ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ti fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé, kí àbúrò olóògbé tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àìsàn ọdún mọ́kànlá kì í ṣe ráńpẹ́. Inú bí ìyàwó olóògbé. Ó sọ fún àbúrò olóògbé pé, “Ọkọ mi Alágídí, ẹnu òkú lẹ fẹ́ gbé sójú ìwé kí ayé máa kà? Ohun tí wọ́n ń tijú títí wọ́n fi kú?” Ọjọ́ mẹ́ta la fi fà á. Ní ọjọ́ kẹrin ó ní kí a kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí a bá máa kọ ọ́, kí a kọ ọ́ tán, kí ẹnikẹ́ni má fi ìpín tirẹ̀ pamọ́. A gbà bẹ́ẹ̀.

Olóògbé bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1963, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1969. Àbúrò wọn kò parí tirẹ̀. Olùkọ́ kan nà án nítorí gíláàsì fèrèsé tí ọmọ ẹlòmíràn fọ́, ó bá ti kíláàsì kẹrin jáde, kò sì padà mọ́. Olùkọ́ náà ti kú. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Gbogbo ilé ni ó bẹ àbúrò yìí, tí wọ́n sì bú u, àfi olóògbé. Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ ìlagi, olóògbé á tẹ́ ìyẹ̀fun igi tí ayùn tú sílẹ̀ dáadáa, wọ́n á fi ìka kọ lẹ́tà sí i, àbúrò wọn á sì kọ tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣì í, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á pa rẹ́. Wọ́n á ní, “Ṣó o rí i, kò sẹ́ni tó rí i. Tún un kọ.” Gbogbo lẹ́tà tí ẹ ń kà yìí, inú ìyẹ̀fun igi ni a ti kọ́ ọ.

Ní 1974, olóògbé lọ kọ́ iṣẹ́ àga wíwọ̀ láṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé. Ọwọ́ òsì ni ó ń fa aṣọ tàbí awọ kí ó le lórí fóòmù. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń di òòlù mú. Kò wá sí ọwọ́ tí yóò mú ìṣó, ẹnu sì ni ọwọ́ kẹta. Olóògbé lè kó ogún ìṣó kéékèèké sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Ahọ́n wọn á yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, orí ìṣó á yọ láàárín eyín iwájú, òòlù tí ń fa irin á gbà á, gbì, ó ti wọlé. Wọ́n tún lè máa kọrin lọ́wọ́ kan náà. Níbẹ̀ ni orúkọ náà ti jáde. Oníbàárà kan bi wọ́n pé, “Ẹnu-Ìṣó, tẹ́ ẹ bá wá sín ńkọ́?” Wọ́n ní, “Àga yín á parí lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn.”

Ní 1983, àwọn ọmọ ìyá méjèèjì ṣí ìsọ̀ tiwọn. Àbúrò ń kan egungun àga, ẹ̀gbọ́n ń wọ̀ ọ́ láṣọ. Àga ilé ìdúró aláìsàn, àga ilé ìwé, àga àwọn tó ń gẹrun, kò sí èyí tí kò gba ọwọ́ wọn kọjá. Ọ̀dọ́bìnrin kan máa ń wá rán ìbòrí àga fún wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ tí olóògbé pinnu láti sọ tinú wọn fún un, ẹnu wọn kún fún ìṣó, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n débi pé wọ́n gbàgbé láti tu ú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin náà dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní, “Ẹ kọ́kọ́ tu ìṣó yẹn sílẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá èmi lẹ ń bá sọ̀rọ̀ tàbí àga.” Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1985. Òun ni ìyàwó tí ó gbẹ̀yìn wọn yìí.

Ẹni tó ní ìgbàgbọ́ tí kì í pariwo ni olóògbé. Gbogbo àga ilé ìjọsìn wọn ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tún ṣe. Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n fi kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, ní ìlà iwájú. Ní àdúgbò, àwọn ni wọ́n máa ń pè láti parí ìjà, nítorí wọn kì í bínú ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ. Àbúrò wọn ni ó máa ń bínú fún àwọn méjèèjì.

Ní 2011, erìgì olóògbé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá fọ ẹnu láàárọ̀, búrọ́ọ̀ṣì á pọ́n. Wọ́n fi han àbúrò wọn ní ẹ̀yìn ìsọ̀. Àbúrò wọn wò ó, ó sì sọ fún wọn pé ọgbẹ́ ni, pé aṣọ tó bá ti ń ya, a kì í fà á. Kí wọ́n má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì kan apá ibẹ̀ mọ́, kí ó sinmi. Kò sí dókítà tí ó sọ fún un bẹ́ẹ̀. Kò kà á níbì kankan. Olóògbé gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, apá ọ̀tún ẹnu wọn kò rí búrọ́ọ̀ṣì mọ́. Nígbà tí apá òsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ kí òun náà sinmi. A kọ èyí sílẹ̀ nítorí a ti ṣèlérí pé a ó kọ ọ́ tán.

Ní 2013, wọ́n sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ, tí gbogbo wa ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Kò sí ẹni tí ó tọ́jú ara ju bí olóògbé ti ṣe lọ. Wọn kò pa ọjọ́ ìpàdé kan jẹ. Wọ́n lo oògùn. Wọ́n fi ohun dídùn sílẹ̀, ìyàwó wọn sì kó ṣúgà inú ilé, ó tì í mọ́ inú àpótí ìránṣọ. Síbẹ̀, ṣúgà ara wọn kò wálẹ̀. Bí ó bá wálẹ̀ ní oṣù kan, á tún gòkè ní èkejì. Àwọn tó ń tọ́jú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n ní ìwòkuwò. Nọ́ọ̀sì kan bi wọ́n níṣojú gbogbo èèyàn pé, “Bàbá, kí lẹ ń jẹ tá ò mọ̀?” Wọ́n padà sílé, wọ́n ní àwọn kò jẹ nǹkankan. A kò gbà wọ́n gbọ́. Gbogbo wa.

Ní 2016, olóògbé fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, wọ́n sì lọ jókòó sí ìlà ẹ̀yìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo ẹnu bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Bí àbúrò wọn bá súnmọ́ wọn láti wo àga, wọ́n á yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ará ìjọ ní ìgbéraga ni. Àbúrò wọn ní ẹni tó bá ń yíjú, nǹkan kan wà tó ń fi pamọ́.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2018, àbúrò wọn ń wá ìṣó, ó sì ṣí agolo ìṣó olóògbé. Páálí súìtì minti mẹ́ta ni ó bá níbẹ̀.

“Kí lèyí?”

Olóògbé fọwọ́ bo ẹnu. “Minti ni.”

“Ìgbà wo ni ìṣó di dídùn?”

“Àbúrò mi, kì í ṣe ohun tó o rò.”

“Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lẹ́nu kẹ́ ẹ tó máa parọ́ fún mi.”

Wọn kò gbé ọwọ́ náà kúrò. Àbúrò wọn mú páálí kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi pẹ́ńsù iṣẹ́ kọ ọjọ́ sí i lára, ó kọ “Ẹ̀rí” sí abẹ́ rẹ̀, ó sì fi í pamọ́. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ó kan pátákó sí àárín ìsọ̀, láti ilẹ̀ dé òkè àjà, tí egungun àga sì wà ní apá kan, tí fóòmù àti aṣọ wà ní apá kejì. Ọdún mẹ́rin ni àwọn ọmọ ìyá kan náà fi ṣiṣẹ́ báyìí tí èkíní kò bá èkejì sọ̀rọ̀. Ìyàwó olóògbé ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri. Àbúrò á ní kí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé egungun àga ti ṣetán. Ìyàwó á dáhùn pé, “Wọ́n ti gbọ́. Pátákó ló wà láàárín yín, kì í ṣe òkun.”

Láti ẹ̀yìn pátákó yẹn, a ń gbọ́ ìṣó tó ń já bọ́ sórí símẹ́ńtì. Tẹ́lẹ̀ rí, ìṣó kì í bọ́ lẹ́nu olóògbé. Àbúrò wọn máa ń kà á, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín pé Ẹnu-Ìṣó ti ń darúgbó. Kò mọ̀ pé eyín tí ó ń di ìṣó náà mú ni kò dúró mọ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ibà mú olóògbé. Wọ́n ní òtútù ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbọ̀n tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ Tuesday kan, òòlù dákẹ́ lẹ́yìn pátákó, gbogbo ìṣó inú agolo sì dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúrò wọn ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Òun àti ìyàwó wọn ni wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn.

Àbúrò wọn mú páálí minti náà dání lọ. Kí òtítọ́ lè pé, ó mú un lọ kí ó lè fi han dókítà pé, ẹ wò ó, ẹni yìí ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ pa ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, dókítà àgbà sọ pé kòkòrò àrùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ olóògbé, irú èyí tí ó sábà máa ń ti ẹnu wá. Wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà eyín. Obìnrin ni, kò dàgbà ju àkọ́bí olóògbé lọ. Ó fa àga kan súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì. (Àga náà nílò fóòmù tuntun; olóògbé ti wò ó.)

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yanu.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

“Bàbá, mo ti wo ẹnu mẹ́wàá láàárọ̀ yìí. Kò séyìí tó lè bà mí lẹ́rù.”

Wọ́n yanu. Ó sì bà á lẹ́rù, àwa tí a dúró níbẹ̀ rí i lójú rẹ̀. Òórùn náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Eyín méje ń mì bí ìṣó inú igi tó ti jẹrà. Erìgì ti sún kúrò lára wọn, ọyún sì wà ní ìdí wọn. Ní eyín iwájú òkè, kòtò kékeré méjì wà níbi tí ìṣó ti ń gbà kọjá fún ohun tó lé ní ogójì ọdún.

Ó béèrè pé, “Ta ló wo ẹnu yín gbẹ̀yìn?”

Ìyàwó olóògbé mú káàdì ilé ìwòsàn jáde. Àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ti yẹ ìtọ̀ wò. Wọ́n ti tan iná sí ojú wọn. Wọ́n ti bọ́ bàtà wọn, wọ́n ti wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà náà ṣí káàdì náà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan dé òpin, ó sì tún ṣí i padà. Ní ọdún mẹ́sàn-án, kò sí ẹnì kan tí ó sọ fún ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà pé kí ó yanu. Àwa náà kò sì sọ ọ́. Ẹnu tó ń bá wa sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́.

Ó wá ṣàlàyé fún wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní erìgì tó wú tó sì ń ṣọyún dà bí ogun tí ara ń jà lójoojúmọ́, ogun náà kì í sì í jẹ́ kí ṣúgà wálẹ̀ bọ̀rọ̀, bí èèyàn tilẹ̀ ń lo oògùn. Ṣúgà tó ga náà kì í jẹ́ kí erìgì jinná. Èkíní ń ti èkejì. Ó ní òun kò lè búra pé ẹnu nìkan ni ó fà á, ṣùgbọ́n ó dá òun lójú pé ó wà nínú rẹ̀. Àti pé kòkòrò inú ọyún ti gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ jókòó sí ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké inú ọkàn wọn.

Àbúrò wọn na páálí minti sí i. “Èyí ńkọ́?”

Ó wò ó. “Èyí kò ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni olórí ọ̀ràn. Òórùn ni wọ́n fi ń bò, sà. Gbogbo wọn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.” Ó yíjú sí olóògbé. “Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án mọ́?”

“Wọ́n ní kí n jẹ́ kó sinmi.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

Olóògbé wo àbúrò wọn. Ojú náà pẹ́ lára rẹ̀. Wọ́n ní, “Mi ò rántí mọ́.”

Ọdún mẹ́rin ni àbúrò wọn fi pe ẹni yìí ní òpùrọ́. Irọ́ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni rí gbá mú lẹ́nu wọn nìyẹn.

Nígbà tí dókítà jáde, olóògbé rí ohun tí ó wà lọ́wọ́ àbúrò wọn. Wọ́n ka ọjọ́ tí a kọ sí i lára. “Ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ? Alágídí! Fún mi ní ọ̀kan jẹ.”

“Mi ò fún yín. Ṣúgà wà nínú ẹ̀.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bẹ́ẹ̀dì fi ń mì, ọwọ́ wọn méjèèjì sì wà lórí aṣọ ìbora. Wọn kò gbé èyíkéyìí lọ sẹ́nu. Ọjọ́ kejì ọjọ́ náà, tí ó jẹ́ ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2022, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ọkàn wọn dúró. Wọ́n jẹ́ ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin.

Àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀ sáyé ni ìyàwó wọn, aránbòrí àga, àkọ́bí wọn obìnrin, tí ó jẹ́ akọ̀wé, ọmọkùnrin wọn méjì, tí ọ̀kan ń wakọ̀ tí èkejì sì ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́, àbíkẹ́yìn wọn obìnrin, tí ó ti jogún òòlù tí ń fa irin, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àti àbúrò kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé ikú wọn, gbogbo àwọn tí a dárúkọ yìí lọ jókòó níwájú dókítà eyín náà, wọ́n sì yanu lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò olóògbé ni ó gbẹ̀yìn. Erìgì tirẹ̀ náà ti wú, òun náà ti ń fi í sílẹ̀ kí ó sinmi. Wọ́n ní kí ó lọ yẹ ṣúgà wò, ó sì ní i. Ẹbí bẹ ẹ̀yin tí ẹ wá lónìí: bí erìgì yín bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀, ẹ má sì béèrè lọ́wọ́ káfíńtà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn ọkàn, bí wọn kò bá sọ pé kí ẹ yanu, ẹ̀yin ni kí ẹ yanu fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti tú pátákó àárín ìsọ̀. Mo fi igi rẹ̀ kan egungun àga kan, àbíkẹ́yìn yín ni ó wọ̀ ọ́ láṣọ. Kò kó ìṣó sẹ́nu. Àwo ni ó kó o sí. Ilé ìwòsàn ni a gbé àga náà lọ, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ẹ sùn sí, ní ipò èyí tí fóòmù rẹ̀ ti rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo kọ sára páálí yẹn, mo ṣì í kọ. Kò sí ẹ̀yin tí ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, ni mo ṣe tún un kọ síbí yìí kí gbogbo ayé rí i. Ibi tí ẹ wà yẹn, ẹ padà sí ìlà iwájú. Ẹ má fọwọ́ bo ẹnu mọ́. Ẹ sùn re o.